Ohun Tí À Ń Dà Sí Ààtàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Gáàsì Ìdọ̀tí àti Iná Oòrùn

(Ọ̀rọ̀ tí tíṣà sáyẹ́ǹsì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ní ìsọ̀ ẹja yìnyín, sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún 20 ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

Ogún ọdún kì í ṣe ogún ọjọ́. Mo rántí ìgbà tí màmá mi ń ta ata lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́nu géètì nígbà náà, tí wọ́n máa ń so káàdì àjẹṣẹ́kù mọ́ ìdí ìró bí ẹni so wúrà. Káàdì yẹn ló rán mi lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa owó ẹgbẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò.

Ogún ìṣẹ́jú ni Alága fún mi. Tíṣà kì í parí ọ̀rọ̀ lásìkò, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n mo máa gbìyànjú.

Ẹ rántí ìpàdé tó kọjá. Ìgbìmọ̀ wa gbé àbá wá pé kí á fi owó tó wà nípamọ́ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fa iná láti ibẹ̀ dé ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló nawọ́ sókè pé ó dáa. Èmi wà lára àwọn mẹ́rin tí a ní kí ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà ti tún dé o!" Mi ò bínú. Àbá náà kò burú, ìfẹ́ ọjà ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àjẹṣẹ́kù ni owó yẹn. Àwọn kan nínú yín fi ebi pa ara wọn kó tó pé iye tó pé yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Alága pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí á tó dìbò ní ìpàdé gbogboògbò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara epo. Kí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó dé, owó epo bẹntiróòlù nílé epo kò tó 200 náírà fún lítà kan. Ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti di nǹkan bí 500 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti fò kọjá 1,000. Èmi tí mò ń ta ẹja, fírísà mi kò mọ̀ pé epo ti gbówó lórí. Bí Titus bá ti yọ́ lóru, ẹ lè dì í padà láàárọ̀ o, ṣùgbọ́n oníbàárà tó mọ ẹja á tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, á gbé e sílẹ̀, á sì kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíì. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mo kó páálí ẹja kan àtààbọ̀ dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo mú ìwé àti bírò, mo kọ iye tí mo ná sórí epo lóṣù kan sí apá ọ̀tún, mo kọ èrè orí ẹja sí apá òsì. Apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ. Ìyẹn ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni mí, mi ò sì mọ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ èéfín, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ létí yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwọn kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí olè, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn burúkú tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, oorun á tẹ̀lé e, ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí. Èéfín igi àti ti èédú náà kò kéré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí 3,200,000 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020. Ta ló ń jókòó ti àrò? Àwa ni, pẹ̀lú ọmọ tó wà lẹ́yìn wa.

Ó yá, ẹ tẹ̀lé mi lọ sí ẹ̀yìn ọjà. Gbogbo wa la mọ ààtàn wa. Gbogbo wa la sì ń dá owó fún kólẹ̀kódọ̀tí tí kì í wá lásìkò, títí wolé-wolé á fi dé tí á tún bu owó ìtanràn lé wa. Kí ló wà nínú ààtàn yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dúró níbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn kan rò pé nǹkan ti ṣe mí. Ohun tí mo rí ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, tòmátò tó ti rà, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, èèpo ọsàn, ikùn ẹja, ẹ̀fọ́ tó ti pọ́n. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti páálí wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n pọ̀ lójú torí wọ́n fúyẹ́, ṣùgbọ́n nínú ohun tó wúwo, oúnjẹ àti èèpo oúnjẹ ló pọ̀ jù. Ohun tó lè rà. Ohun tó bá sì lè rà, iná wà nínú rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú rí mọ̀ pé bó bá di ọjọ́ kẹta, omi rẹ̀ á máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà tí wọ́n ń tú atẹ́gùn jáde. Àwọn kòkòrò mìíràn wà tí wọn kì í fẹ́ rí afẹ́fẹ́ rárá. Inú ikùn màlúù ni ilé wọn, inú ẹrẹ̀ odò náà ni. Bí ẹ bá kó ìdọ̀tí tó ń rà pẹ̀lú omi sínú àgbá, tí ẹ dé e pa tí afẹ́fẹ́ kò fi wọlé, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú atẹ́gùn kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mẹ́téènì. Mẹ́téènì yìí ló ń jó. Nínú gáàsì tó ń jáde láti inú àgbá bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Èyí tó kù, carbon dioxide ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn yẹn wúlò fún wa, torí òun ló máa sọ fún wa bí ibì kan bá ń jò.

Ṣé ẹ rí i, gáàsì yìí ń jáde lórí ààtàn bóyá a gbà á tàbí a ò gbà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ńlá sọ lórí ààtàn Olúṣòsùn ní Ọ̀jọ́ta, èéfín bo àdúgbò. Níbi tí ìdọ̀tí bá ti ga bí òkè, tó ń rà lábẹ́, gáàsì á kó jọ sínú rẹ̀, iná kékeré lásán ló kù. Àwọn ará Addis Ababa ní Etiópíà rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè ìdọ̀tí Koshe wó lu àwọn tó ń gbé nídìí rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017, ó pa ènìyàn tó lé ní 110. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Reppie sí ibẹ̀, tí wọ́n kọ́ láti máa sun ìdọ̀tí tó tó 1,400 tọ́ọ̀nù lójúmọ́ kí ó lè fún wọn níná. Ó dáa fún ìlú ńlá, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, agbára ìjọba ni. Ìdọ̀tí tiwa nìyí náà, omi ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdọ̀tí tútù, ká jẹ́ kí ó rà nínú àgbá sàn ju ká máa sun ún lọ.

Nílẹ̀ Íńdíà àti Ṣáínà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ àgbá báyìí ló ti wà ní àgbàlá àwọn àgbẹ̀. Níbí náà, kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 2005, iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ wa gbèrò láti ṣe níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, gba ẹ̀bùn SEED láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Cows to Kilowatts ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Èrò wọn ni pé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tó ń ṣàn lọ bá odò jẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di gáàsì ìdáná, kí èyí tó bá kù sì di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Wọ́n mú ọgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wá láti yunifásítì kan ní Thailand. Ní ọjà èso Ìkòsí ní Kétu, l'Ékòó, wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú èso tó bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọsàn níbẹ̀, ẹ mọ bí èèpo àti èso jíjẹrà ibẹ̀ ṣe tó.

Kí n sọ tèmi báyìí, títí kan èyí tó ń tì mí lójú.

Mo ra àgbá rọ́bà lítà 200 méjì. Mo lu ihò sí wọn, mo fi páìpù sí i, mo so tíúbù táyà ọkọ̀ mọ́ ọn kí gáàsì lè wọ inú rẹ̀. Mo wá kó èèpo ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tòmátò àti ata tó ti rà sínú rẹ̀, mo bu omi sí i, mo dé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, tíúbù ti wú. Mo pe àwọn ará ilé jọ, mo ṣá ìṣáná sí i. Fùù! Ìṣáná kú. Mo tún ṣá òmíràn, ó tún kú. Ìyàwó ọmọ mi ní, "Mọ́mì, bóyá kí á kúkú lọ ra gáàsì." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, inú àgbá náà kan bí ọtí kíkan, òórùn rẹ̀ lé adìyẹ kúrò lágbàlá. Tíṣà sáyẹ́ǹsì fún ọdún 31! Ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún gbọọrọ, mi ò fi ṣe é. Ohun kíkan pọ̀ jù, ó pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe mẹ́téènì, carbon dioxide nìkan ló ń jáde, òun ló sì ń pa ìṣáná.

Mo da gbogbo rẹ̀ nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà, mo bu ìgbẹ́ màlúù tútù wálé, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pò ó mọ́ omi lọ́gbọọgba, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mo dà á sínú àgbá, mo fi í sílẹ̀. Gáàsì tó kọ́kọ́ jáde, mo tú u dànù. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló jó. Iná náà búlúù rọ̀rọ̀, kò ní èéfín, kò sì rùn, torí bó bá ti ń jó, òórùn ẹyin yẹn ti lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Èèpo ọsàn, mo fi mọ níwọ̀n, ata kò wọ ibẹ̀ mọ́. Àgbá kékeré méjì yẹn ń bá mi se omi tíì àti ẹyin láàárọ̀. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn kan á wá bá wa pé ìdọ̀tí wa lè tan iná sí gbogbo ọjà. Ẹ bi wọ́n léèrè ìṣirò. Ìgbẹ́ màlúù tó tó kílò 25 á fún wa ní gáàsì tó lè kún àgbá lítà 200 márùn-ún. Bí a bá gbé e sí sítóòfù olójú kan, á jó fún wákàtí méjì sí mẹ́rin, ó kù sí bí iná náà bá ṣe tóbi. Ìyẹn á se ìkòkò mọ́ínmọ́ín àti ti ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé gáàsì kan náà sínú jẹnẹrétọ̀, iná tó máa fún wa kò lè ju yúnítì méjì lọ, irú yúnítì tí ẹ ń rà sórí mítà. Ooru ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù dànù. Nítorí náà, ní tèmi, ìdọ̀tí dára fún ìdáná. Fún fírísà àti gílóòbù, oòrùn ni kí á lọ bá.

Páànẹ́lì sólà kan tí wọ́n kọ 300 watt sí lẹ́yìn á máa fún wa ní nǹkan bíi yúnítì kan lójúmọ́ pẹ̀lú irú oòrùn tiwa, nígbà míì á dín díẹ̀. Fírísà kékeré tó ṣì dáa máa ń jẹ yúnítì kan sí ọ̀kan àtààbọ̀. Ẹ ò rí i pé páànẹ́lì méjì àti bátìrì tó gbámúṣé lè gbé ẹja mi dúró. Lóṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, á dínkù, ìgbà yẹn ni a óò lo iná NEPA tó bá wà, tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré fún wákàtí díẹ̀. (Mo mọ̀ pé NEPA ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ máa pè é?) Páànẹ́lì tó dáa lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ni kì í pẹ́. Àwọn tó ń lo ásíìdì kì í sábà ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ti lithium máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì ga jù. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ní ọjà Sabon Gari ní Kánò, àti ní ọjà Ìsìnkàn ní Àkúrẹ́ tí kò jìnnà sí wa, àjọ REA ti ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ti gbé iná oòrùn wọ inú ìsọ̀, tí àwọn ọlọ́jà ń sanwó ohun tí wọ́n lò. Kí ẹgbẹ́ rán ènìyàn méjì lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n bá àwọn ìyá tó ń tà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀gá.

Àbá tèmi rèé. Kí á má ra jẹnẹrétọ̀ ńlá. Dísẹ́ẹ̀lì tí yóò máa mu lójoojúmọ́ kò sí nínú owó tí a kó jọ, ẹnikẹ́ni kò sì bá wa ṣírò ìyẹn ní ìpàdé. Kí á mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Kí bíríkìlà tó mọṣẹ́ bá wa mọ àgbá gáàsì kan sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn olóúnjẹ, níta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí á fa páìpù dé sítóòfù mẹ́ta. Gáàsì ni o, iná ni o, nítorí náà kò ní sí abẹ́là tàbí sìgá nítòsí rẹ̀. Èyí tó kù nínú ìdá kan yẹn, kí ẹgbẹ́ fi yá àwọn tó ń ta ẹja, wàrà àti ohun mímu tútù láti ra páànẹ́lì, pẹ̀lú onídùúró méjì bí a ṣe máa ń ṣe. Kí wọ́n máa san án padà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ nínú owó tí wọn ì bá fi ra epo. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi mí dán an wò. Bí ọdún kan bá pé tí kò ṣiṣẹ́, ìdá méjì owó wa wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní tán lọ́jà.

Ìyá kan tó ń din àkàrà ti bi mí níbẹ̀ lánàá pé ta ló máa máa bọ́ àgbá. Ìbéèrè tó le jù nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àgbá kò mọ ọjọ́ Sunday, kò mọ ọjọ́ Jímọ̀, kò mọ àìsùn. Bí ẹ bá pa á tì fún oṣù kan, gáàsì rẹ̀ á dínkù. Bí ẹnì kan bá ju ọ̀rá sínú rẹ̀, páìpù á dí. Nítorí náà, kí á san owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti máa bójú tó o. Omi dúdú tó bá ń jáde láti inú rẹ̀ ní ajílẹ̀ nínú, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wà létí odò ti sọ fún mi pé àwọn á rà á. Bóyá ìyẹn á tó san owó rẹ̀, bóyá kò ní tó, ẹgbẹ́ á fi kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò lè máa ṣa ọ̀rá kúrò nínú èèpo iṣu fún gbogbo ọjà. Àwa la máa yà á sọ́tọ̀ láti ìsọ̀ wa.

Mo ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé mẹ́rìnlélógún láti inú àpò ara mi, wọ́n wà lẹ́yìn tábìlì akọ̀wé. Ìsọ̀ méjìlá àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ dán an wò, kí wọ́n mú méjì méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń rà, ọ̀kan fún ọ̀rá àti páálí. A óò wọn ohun tó wà nínú wọn lálaalẹ́ fún oṣù kan, kí ìpàdé gbogboògbò tó dé, kí á lè mọ iye kílò tí a ní gan-an kí a tó sọ fún bíríkìlà bí àgbá ṣe máa tóbi tó. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ, mò ń wá ẹni méjì tó lè ka òṣùwọ̀n dáadáa.

Alága, mo rí yín tí ẹ ń wo aago.